Òrùlé Ilé Adìẹ Nígbà Ooru

Ẹ̀yin olùsìn adìẹ, ẹ kíyè sí èyí: adìẹ kì í làágùn. Mímí hẹlẹ ni ó fi ń tu ara rẹ̀. Bí ooru bá pọ̀ jù, ẹyin a dínkù, àwọn mìíràn a sì kú.

Páànù lásán tètè ń gba ooru oòrùn, a sì máa dà á lé adìẹ lórí. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó há sáàárín koríko kì í jẹ́ kí ooru tètè kọjá. Nítorí náà, bí páànù ni ẹ kàn, ẹ to koríko tàbí imọ̀ ọ̀pẹ nípọn lé e lórí, kí ẹ sì dè é dáadáa. Ẹ pààrọ̀ èyí tí ó bá jẹrà. Ẹ má sì dáná nítòsí rẹ̀.