Àtìpó ní Dublin: Ọ̀rọ̀ Ẹnu àti Ìṣirò

Pé àtìpó kì í fẹ́ ṣiṣẹ́, pé owó ìjọba ni wọ́n wá jẹ: ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn kan ní Aílándì. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé òfin ló de àwọn tó wá tọrọ ibi ìsádi lọ́wọ́. Láti ọdún 2000 ni ìjọba ti ń kó wọn sínú àwọn ilé tí wọ́n ń pè ní Direct Provision, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń rí oúnjẹ jẹ, wọ́n ń rí ibi sùn, àgbàlagbà sì ń gba yúrò 19.10 lọ́sẹ̀. Owó bọ́ọ̀sì àti káàdì fóònù nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbé e mì, síbẹ̀ iye náà kò yí padà títí di 2017. Ọdún yẹn náà ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a lẹ́jọ́ pé fífi iṣẹ́ dù wọ́n títí lọ tako òfin ìpilẹ̀. 2018 ni wọ́n tó gbà wọ́n láyè. Wọ́n so èèyàn lọ́wọ́, wọ́n tún ń bú u pé kò roko.

Ní Phibsborough, ní àríwá Dublin, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Bohemians bá wọn dá sí i. Ní 2020, òun àti Amnesty International gbé ẹ̀wù kan jáde tí àwòrán ìdílé tó ń sá àsálà wà láyà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé àtìpó ti pọ̀ jù ńkọ́? Ìwádìí Eurobarometer tó jáde ní 2018 fi hàn pé àwọn ará Yúróòpù rò pé nínú èèyàn 100, bíi 17 ló wá láti òde Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ní òótọ́, bíi 7 ni wọ́n. Nínú ètò ìkànìyàn Aílándì ti 2022, èèyàn 12 nínú 100 ni kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ náà, àwọn ará Póláǹdì àti Bìrìtéènì ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àmọ́ ìṣirò náà ní ọgbọ́n tirẹ̀: ọmọ Nàìjíríà 17,642 ni wọ́n kà ní 2011, ó já sí 6,084 ní 2016. Kì í ṣe pé wọ́n kó ẹrù lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ti gba ìwé ọmọ onílùú ni.

Ẹ̀sùn pé àtìpó ló fa ọ̀wọ́n ilé ló le jù láti dáhùn, torí òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀: ẹni tó bá dé yóò wá ibi tí yóò sùn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí àwọn báńkì dẹnu kọlẹ̀ ní 2008, ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ lọ́dún, tó tó nǹkan bí 90,000 ní 2006, kò tó 5,000 mọ́ ní 2013, lásìkò tí àwọn tó ń jáde ní Aílándì pọ̀ ju àwọn tó ń wọlé lọ. Kí ẹni tí owó ilé ń ni lára ní Phibsborough ka ọdún wọ̀nyẹn mọ́ ẹjọ́ tó ń rò.