Ara Mi Le, Ẹ Má Dá Ìjà Dúró!

Bíbélì kíkà: Àwọn Onídàájọ́ 16:15-21, Àwọn Ọba Kejì 20:1-7, Gálátíà 6:1-5

Ọ̀rọ̀ ìjà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjà èmi àti ẹnikẹ́ni. Ẹ fara balẹ̀, ẹ bá mi kálọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá ọdún 2022, mo wà ní ìlú Okaka, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, lọ́nà Òkè-Ògùn. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ni mo lọ kí. Kí agogo ìsìn tó lù, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ti jí láti ìdájí, wọ́n ti kó ara wọn jọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí jẹnẹrétọ̀ ti ń dún, wọ́n ń wo ìjà. Ọmọ Yorùbá ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń jà, Israel Adesanya, tí wọ́n bí sí Èkó ní ọdún 1989, tó sì dàgbà sí ilẹ̀ New Zealand. Alex Pereira, ará Brazil, ni ẹnì kejì. Ìlú New York, ní gbàgede Madison Square Garden, ni wọ́n ti ń jà á. Òru ọjọ́ Sátidé ni lọ́hùn-ún, òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni lọ́dọ̀ wa.

Ìjà yìí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ nìkan. Wọ́n ń ta ìpá, wọ́n ń fi orúnkún gbáni, wọ́n tún ń ja ìjàkadì mọ́ ọn. Abala márùn-ún ni ìjà ipò ọ̀gá, ìṣẹ́jú márùn-ún sì ni abala kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn abala mẹ́rin, Adesanya ni ó ń ṣáájú nínú ìwé àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ó sáà parí ìyókù ni ó kù. Àfi bí Pereira ṣe bá a ní abala karùn-ún, tí ó há a mọ́ ara wáyà, tí ẹ̀ṣẹ́ sì ń rọ̀ bí òjò. Bí abala náà ṣe pé ìṣẹ́jú méjì lé díẹ̀, rẹfirí Marc Goddard kó sí àárín wọn, ó dá ìjà dúró. Bẹ́líìtì bọ́ lọ́wọ́ ọmọ wa. Adesanya fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn ìjà pé iyè òun ṣì wà níbẹ̀, pé wọ́n yá a jù.

Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ rò pé a rí ẹ̀kọ́ kankan kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi lọ́jọ́ náà? Àríyànjiyàn ni a bá wọ inú ilé Ọlọ́run. Ọ̀kan ní, "Rẹfirí ló gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ ọmọ wa, kì í ṣe ará Brazil yẹn!" Òmíràn ní, "Ẹ̀yin ò rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń yí ni?" Ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó lẹ́yìn, àgbẹ̀ tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ni ohùn rẹ̀ ròkè jù. Ó ní, "Bí ọkùnrin bá ní ara òun le, ẹ gbà á gbọ́! Ta ló mọ ara rẹ̀ jù ú lọ?"

Bàbá tó ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́, ọdẹ àtijọ́ ni. Ó pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, orí ni wọ́n ń lù. Orí yẹn náà kọ́ ni ẹ fẹ́ kó wá jẹ́rìí pé nǹkan kan ò ṣe òun?"

Gbogbo wa dákẹ́ lọ.

Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Bí òkúta bá gba ẹsẹ̀ rẹ, orí rẹ á sọ fún ọ pé ó dùn ọ́. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣe orí, ta ni yóò sọ fún orí? Ohun tí à ń fi mọ̀ pé nǹkan ń ṣe wá gan-an ni nǹkan ń ṣe. Ìdí nìyí tí abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ fi lè sọ pé ara òun le, kí ó má sì máa purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́. Irọ́ tí a mọ̀ ní irọ́ rọrùn láti jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n irọ́ tí a ti pa fún ara wa, òtítọ́ ni a ń pè é. Àwọn baba wa ní ẹni tí ó bá tan ara rẹ̀ ni òrìṣà òkè ń tàn.

Nítorí náà ni òfin ìjà kò fi ọ̀rọ̀ náà sí ọwọ́ ẹni tó ń jà. Rẹfirí ni wọ́n fún láṣẹ. Ohun tí òun ń wò ni bóyá ẹni tí wọ́n ń lù ṣì ń fi ọgbọ́n dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹnu lè sọ pé kò sí nǹkan, ṣùgbọ́n ojú àti ẹsẹ̀ kì í mọ irọ́ pa bí ẹnu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn mìíràn fún yín. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1990, ní Las Vegas, Meldrick Taylor ará Amẹ́ríkà ń bá Julio César Chávez ará Mexico kan ẹ̀ṣẹ́. Abala kejìlá, èyí tó gbẹ̀yìn, ni wọ́n wà. Taylor ń ṣáájú nínú ìwé adájọ́ méjì nínú mẹ́ta. Chávez gbá a ṣubú, ó sì dìde. Rẹfirí Richard Steele bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó wà dáadáa. Kò dáhùn. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ rẹ̀ tó ti gun etí pápá ìjà ni ó yíjú sí. Steele dá ìjà dúró, ó ku ìṣẹ́jú àáyá méjì péré! Ariwo yẹn kò tíì tán nílé ayé. Wọ́n hó lé Steele lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé Taylor dé ilé ìwòsàn, egungun ojú rẹ̀ ti sán, ó sì ti gbé ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ mì. Ìdáhùn Steele ni pé kò sí ìjà kan tó tó ẹ̀mí ọmọ ènìyàn.

Òótọ́ ni pé rẹfirí náà ń ṣìṣe, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni. Ṣùgbọ́n àṣìṣe méjèèjì kì í ṣe ọgbọọgba. Ní oṣù Kẹta ọdún 1962, Emile Griffith há Benny Paret, ọmọ Cuba, mọ́ igun ní abala kejìlá, ó sì lù ú títí. Rẹfirí pẹ́ kí ó tó wọlé. Paret kò jí mọ́. Ó kú ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin. Lẹ́yìn tí Duk Koo Kim, ọmọ Korea, kú nínú ọ̀ràn ìjà abala kẹrìnlá ní ọdún 1982 ni àjọ WBC tó gé ìjà ipò ọ̀gá láti abala mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí méjìlá. Ẹni tí a dá dúró níyàrá lè tún padà wá jà. Ẹni tí a dá dúró pẹ́, posí ni à ń kàn fún un.

Ẹ sì má rò pé òkèèrè nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2025, ọmọ wa Ṣẹ́gun Ọláńrewájú, tí wọ́n ń pè ní Success, ṣubú ní abala kẹta níbi ìjà ní Bukom, ní Accra. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Korle Bu, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ti bọ́. Èmi kò wí èyí láti dá òkú lẹ́jọ́ o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo wí i kí a lè rántí pé amọ̀ ni ara yìí, bó ti wù kó le tó. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Okaka. Ohun tó gbé mi dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an ni mi ò tíì sọ fún yín.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, nọ́ọ̀sì kan ti fi ẹ̀rọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀gbọ́n mi. Ó rí 190 lókè, 110 nísàlẹ̀. Ó ní kí ó máa lo oògùn lójoojúmọ́, kí ó sì sinmi iṣẹ́ agbára. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀rọ yín ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í ṣe èmi. Èmi kò gbà á, ní orúkọ Jésù!" Gbogbo àwa tó wà níbẹ̀ ṣe "Àmín!" Èmi náà ṣe é, mo sì rẹ́rìn-ín. Ó lo oògùn náà fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ara fúyẹ́, ó pa á tì. Aya rẹ̀ pe èmi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi bá bàbá àwọn ọmọ mi sọ̀rọ̀. Ebè ni wọ́n tún fẹ́ máa kọ o. Mo gbé ọkọ́ pamọ́, wọ́n ra òmíràn." Ìdí tí mo fi wá nìyẹn.

A jáde ní ìsìn, a jẹun. Ọ̀rọ̀ bàbá ọdẹ ń dún létí mi. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe ń fi ọwọ́ ra orí, tó ń ní oorun ló ń kun òun. Mo la ẹnu, mo tún pa á dé. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni, báwo ni n óò ṣe máa pàṣẹ fún un? Mo ní kí n má ba ìgbàgbọ́ rẹ̀ jẹ́. Mo wọ ọkọ̀, mo padà lọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó ṣubú sí àárín ebè. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún dákẹ́, ẹnu sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ọpẹ́ ni fún Un. Nígbà tí ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀, mo jókòó tì í lórí ibùsùn. Ó wò mí títí, ó ní, "Àbúrò, kí ló dé tí o kò dá ìjà yẹn dúró?"

Mi ò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀yin olùfẹ́, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ kí á mú nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Èkíní: ìgbàgbọ́ kì í ṣe kí á purọ́ fún ara wa ní orúkọ Olúwa. Ẹ wo Hesekáyà ọba. Wòlíì Àìsáyà wá sọ fún un pé àìsàn rẹ̀ yóò pa á. Kò bá wòlíì jà, kò ní irọ́ ni. Ó kọjú sí ògiri, ó gbàdúrà, ó sọkún. Ọlọ́run fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún ọjọ́ rẹ̀. Ẹ sì kíyè sí i pé èso ọ̀pọ̀tọ́ ni wọ́n tún fi lé ojú oówo náà! Àdúrà àti oògùn kì í ṣe orogún. Ẹni tí kò bá gbà pé òun ṣàìsàn, kí ni ó fẹ́ kí Olúwa wò sàn?

Èkejì: agbára àná kì í ṣe ẹ̀rí tòní. Sámúsìnì dìde lórí ẹsẹ̀ Dẹ̀lílà, ó rò pé bí òun ti máa ń ṣe náà ni òun yóò ṣe. Kò mọ̀ pé Olúwa ti kúrò lọ́dọ̀ òun. Àìmọ̀ yìí gan-an ló burú ju irun tí wọ́n fá lọ. Mélòó nínú wa ló ń fi iná àdúrà ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn yá lónìí? Mélòó ló wà nínú gbèsè tó ń sọ pé kò sí ìṣòro, nínú ọtí tó ń sọ pé díẹ̀ ni, nínú ìbínú tó ń fọ́ ilé tó ń sọ pé bí ọkùnrin ṣe ń rí nìyẹn? Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Ẹ̀kẹta, èyí tó kan èmi jù: Olúwa ti fi rẹfirí sí àyíká wa. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń bá ni rí tẹni. Aya rẹ tó ń gbé ọkọ́ pamọ́, rẹfirí ni. Nọ́ọ̀sì, alàgbà, ọmọ rẹ tó ń sọ pé "Bàbá, ó tó," rẹfirí ni wọ́n. Nátánì ni ti Dáfídì. Má bínú sí wọn bí wọ́n bá gbé ọwọ́ sókè. Bí ó bá sì jẹ́ ìwọ ni ó yẹ kí o gbé ọwọ́ sókè, má ṣe bí mo ti ṣe. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àbúrò pàápàá kò gbọdọ̀ wà nílé kí ẹ̀gbọ́n máa kú lọ. Fi ìwà pẹ̀lẹ́ wí i, ṣùgbọ́n wí i.

Ní ìlú Manila ní ọdún 1975, lẹ́yìn abala mẹ́rìnlá, Eddie Futch kò jẹ́ kí Joe Frazier jáde lọ pàdé Muhammad Ali ní abala tó gbẹ̀yìn. Ojú Frazier ti wú pa, kò ríran dáadáa mọ́, síbẹ̀ ó ń bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ. Futch kọ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ni, ó fẹ́ràn rẹ̀, ìdí tó fi kọ̀ nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìdádúró kì í ṣe òpin. Adesanya tó rò pé wọ́n yá a jù, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2023 ní Miami, oṣù márùn-ún péré lẹ́yìn rẹ̀, ó tún pàdé Pereira, ó sì gbá a sùn ní abala kejì. Bóyá rẹfirí tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà, orí tí kò jẹ́ kí wọ́n fọ́ ni ó fi padà wá jà.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń fi ọ̀pá rìn wá sí ìsìn báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rán àwọn ọ̀dọ́ létí kí wọ́n lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ara òun le, yóò ní, "Jẹ́ kí ẹlòmíràn bá ọ sọ ọ́."

Àdúrà: Olúwa, má jẹ́ kí n tan ara mi jẹ. La ojú mi kí n rí ibi tí mo ti ń ṣubú. Fún mi ní ọkàn tó ń gba ìbáwí, kí o sì fún mi ní ìgboyà láti wí fún ẹni tí mo fẹ́ràn pé ó tó, kí ó tó pẹ́ jù. Ní orúkọ Jésù Olúwa wa. Àmín.