Ìrìn-àjò afẹ́ kò dìgbà tí a bá wọ ọkọ̀ òfurufú: Ohun tó wà nítòsí Mowé, Ìbafò àti Ìfọ̀

Bí a bá dárúkọ ìrìn-àjò afẹ́ létí ọ̀pọ̀ nínú wa, Dubai àti London ni ọkàn kọ́kọ́ máa ń lọ. Ẹni tí kò bá sì lówó ọkọ̀ òfurufú a gbà pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Àmọ́ àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Òwe yìí bá àwọn tó ń gbé Mowé, Ìbafò àti Ìfọ̀ mu gan-an ni.

Ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ni Mowé àti Ìbafò wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978. Ìfọ̀ ní tirẹ̀ wà lójú ọ̀nà àtijọ́ tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Owó ilé tó wọ́n l'Ékòó ló lé ọ̀pọ̀ ènìyàn wá síbẹ̀. Wọn a jí ní ìdájí, wọn a wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ilẹ̀ a sì ti ṣú kí wọ́n tó padà dé. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ wá ń dàgbà láì mọ̀ ju súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ àti àgọ́ àdúrà lọ. Àdánù lèyí, ṣùgbọ́n ìrìn ọjọ́ kan lè bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tó sún mọ́ jù lọ. Ẹni tó bá yà kúrò ní márosẹ̀ ní Mowé, tó gba ọ̀nà inú, yóò bá Ọ̀fàdà, ìlú tó fún ìrẹsì ọ̀fàdà lórúkọ. Èso ìrẹsì yìí kúrú, ara rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Òórùn rẹ̀ sì yàtọ̀ nítorí pé wọ́n máa ń rẹ ẹ́ sínú omi kí wọ́n tó bọ̀ ọ́, kí wọ́n sì tó sá a. Ewé eéran ni wọ́n fi ń dì í, ọbẹ̀ ata tí wọ́n fi irú àti epo sè ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́.

Láti Ìfọ̀, ẹni tó bá gba Pápáláńtò kọjá yóò dé Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni àpáta Olúmọ wà, tí orí rẹ̀ fi mítà 137 ga ju ojú òkun lọ. Ogun tó tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká ló gbé wọn dé abẹ́ àpáta náà lọ́dún 1830, tí Ṣódẹkẹ́ jẹ́ aṣáájú wọn. Ihò inú àpáta di ibùgbé, orí rẹ̀ sì di ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ̀tá lókèèrè. Kòtò kéékèèké tí àwọn obìnrin fi ń lọ nǹkan nígbà náà ṣì wà lára òkúta títí dòní. Ẹni tó bá gòkè dé ṣóńṣó, yóò rí odò Ògùn àti òrùlé àtijọ́ tó tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀.

Kò jìnnà síbẹ̀ ni Aké, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká lo ìgbà èwe rẹ̀ sí. Abẹ́òkúta yìí náà ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn lọ́dún 1859, tí ó ṣí ọ̀nà fún gbogbo ìwé ìròyìn tí à ń kà lédè Yorùbá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má ṣàì yà sí ọjà àdìrẹ ní Ìtòkú. Oríṣiríṣi ni àdìrẹ: oníko tí wọ́n fi iko so, alábẹ́rẹ́ tí wọ́n fi òwú rán, àti ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí. Ibi tí wọ́n bá so, tí wọ́n rán, tàbí tí wọ́n fi ẹ̀kọ bò, aró kì í lè wọ ibẹ̀; ohun tó ń mú ọnà jáde nìyẹn. Ṣùgbọ́n ayédèrú tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ China ti kún ọjà, owó rẹ̀ kò sì tó ti gidi. Ẹ yí aṣọ náà sẹ́yìn wò kí ẹ tó rà á: aró gidi a máa mu aṣọ dé ẹ̀yìn, ọnà méjì tí ọwọ́ ṣe kì í sì í dọ́gba pátápátá.

Ẹni tó bá fẹ́ gba apá ìlà-oòrùn, kó gba Ṣàgámù lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Eredo Ṣùngbọ́ wà lágbègbè náà, ìyẹn yàrà àti odi iyẹ̀pẹ̀ tó gùn tó kìlómítà 160, tí ibòmíràn nínú rẹ̀ ga tó mítà 20. Àwọn ènìyàn ìlú Òkè-Ẹ̀rì gbà pé Bilikisu Ṣùngbọ́ tí sàréè rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn ni Ayaba Ṣébà. Àwọn onímọ̀ tó yẹ yàrà náà wò kò gbé ọjọ́ orí rẹ̀ dé ìgbà Sólómọ́nì, ṣùgbọ́n bóyá Ayaba Ṣébà ni o, bóyá òun kọ́ o, ọwọ́ àwọn baba ńlá wa ló wa yàrà ńlá yìí láìsí katakata.

Kí ló wá kan ẹni tó ń sanwó ilé ní Ìbafò nínú gbogbo èyí? Ohun tí kò bá ní àlejò, kì í pẹ́ tí kò fi ní ní olùtọ́jú. Bí a kò bá ra àdìrẹ gidi, ọmọ aláró yóò wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá wo Eredo, oko àti ilé yóò jẹ ẹ́ tán. Ẹ wo igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo. Nígbà tí wọ́n ti fẹ́ gé e tán ni Susanne Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà dìde láti dáàbò bò ó. Lọ́dún 2005, UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó tètè jí. Kó yẹra fún Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù àti ọ̀sẹ̀ àpéjọ ńlá oṣù kẹjọ, nígbà tí èrò Ìjọ Rídíìmù máa ń kún ojú ọ̀nà Mowé. Ẹ wọ bàtà tó rọrùn, ẹ gba amọ̀nà tó mọ ìtàn ibẹ̀, ẹ bèèrè kí ẹ tó ya àwòrán ojúbọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ mú àwọn ọmọ yín dání, kí àwọn náà lè mọ ìtàn ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé.