Ọkọ̀ tí ń Kọ̀ Lójijì
Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń ṣiṣẹ́ lónìí, tí ń kọ̀ lọ́la, lè dójú ti baálé ilé lóru tí aboyún ń rọbí. Ẹ má ṣe sáré ra bátìrì titun. Nígbà tí ó bá kọ̀ gan-an, ẹ tan iná iwájú, kí ẹ sì yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná bá ṣókùnkùn, ẹ wọn bátìrì: èyí tí ó kún a máa tó fólìtì 12.6. Ẹ ha ìpẹtà orí rẹ̀, kí ẹ sì dè é le. Bí iná kò bá yẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì kò sì mì, ẹ fura sí kíkì àti wáyà rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí lásán, ẹ wo epo àti púlọ́ọ̀gì. Ẹni tí ó mọ ibi tí àrùn wà kì í ra oògùn lásán.