Àgọ́ létí odò nínú aṣálẹ̀ Texas: Ohun tó yẹ kí ìdílé mọ̀ kí wọ́n tó gbéra

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọkùnrin kan láti ìpínlẹ̀ Florida àti àwọn ọmọ ìyàwó rẹ̀ méjì ń fẹsẹ̀ rìn nínú ọgbà ìjọba Big Bend, ní Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ooru ọjọ́ náà tó 48°C. Àbúrò, ọmọ ọdún 14, dákú lójú ọ̀nà. Ọkọ ìyá rẹ̀, ẹni ọdún 31, padà síbi ọkọ̀ kó lè wá ìrànlọ́wọ́ lọ, ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ ọmọ ọdún 21 sì ń gbìyànjú láti gbé àbúrò rẹ̀. Kí àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà tó débẹ̀ nírọ̀lẹ́, ọmọ náà ti kú. Wọ́n wá rí ọkọ̀ ọkùnrin náà tó ti já sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Òun náà ti kú.

Ibi tí èyí ti ṣẹlẹ̀ kò jìnnà sí Rio Grande Village, ibùdó tí àwọn ìdílé máa ń pàgọ́ sí létí odò Rio Grande. Ọmọ Yorùbá pọ̀ ní Houston àti Dallas, ọmọ tó bá sì ti gbọ́ ìròyìn ìpàgọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ìwé kò ní jẹ́ kí òbí sinmi. Ibẹ̀ dára o. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ooru.

Ẹni tó dàgbà n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó á ní kí lòun ò tíì rí nínú oòrùn. Ooru tiwa yàtọ̀. Nílé, òógùn á ṣàn, aṣọ á rin, ìwọ fúnra rẹ á mọ̀ pé omi yẹ ọ́. Nínú aṣálẹ̀, afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé bí òógùn ṣe ń yọ ló ń gbẹ. Èèyàn á rò pé òun ò làágùn rárá, bẹ́ẹ̀ omi ara rẹ̀ ń tán lọ. Ọmọdé ló sì máa ń tètè mú, torí eré ò ní jẹ́ kó rántí òùngbẹ. Ìdí nìyí tí àwọn aláṣẹ ọgbà fi ń sọ pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní gálọ́ọ̀nù omi kan lóòjọ́, ìyẹn bíi lítà mẹ́rin. Tí orí bá ń fọ́ ọmọ, tó ń bì, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já gaara mọ́, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ fi omi tutù rin ín lára, kí ẹ sì wá ìrànlọ́wọ́ kíá. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí ní ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀.

Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ló dára jù láti lọ. Ṣùgbọ́n òtútù wà nídìí ọ̀rọ̀ náà: afẹ́fẹ́ gbígbẹ kì í gba ooru dúró, torí náà tí oòrùn bá ti wọ̀, ilẹ̀ á tutù wọ̀ọ̀. Ẹ di kúbùsù àti súwẹ́tà sẹ́rù.

Ẹ ò gbọ́dọ̀ dáná igi, òfin ọgbà ni. Sítóófù onígáàsì ni kí ẹ gbé. Oúnjẹ kì í sùn síta tàbí sínú àgọ́, torí ẹranko kan tó jọ ẹlẹ́dẹ̀, tí wọ́n ń pè ní javelina, ń rìn kiri ibùdó náà. Ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù tí ẹ ṣí sílẹ̀ ti di tiẹ̀ nìyẹn. Kí ọmọ tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà láàárọ̀, ẹ gbọn bàtà náà dáadáa nítorí àkeekèé.

Odò ńkọ́? Ẹ má mu ún, ẹ má sì jẹ́ káwọn ọmọ lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀: omi náà ò mọ́, ìṣàn rẹ̀ sì lágbára ju bó ṣe rí lójú lọ. Ẹ má pàgọ́ sójú àgbàrá tó gbẹ, torí òjò tó rọ̀ lókèèrè lè mú un kún lójijì.

Mexico ni òdìkejì odò. Ẹnubodè kan wà nítòsí ibùdó, tí ọkọ̀ ojú omi kékeré ti ń gbé èèyàn lọ sí abúlé Boquillas. Ọdún 2002 ni wọ́n tì í, ọdún 2013 ni wọ́n tún un ṣí. Láìsí ìwé ìrìnnà, ẹ má dá a láṣà, ẹ má sì gba ibòmíì kọjá. Kódà ẹni tí kò ní sọdá gbọ́dọ̀ mú ìwé rẹ̀ dání, torí àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè máa ń dá ọkọ̀ dúró lọ́nà tó jáde kúrò lágbègbè náà.

Láti Houston, ìrìn bíi wákàtí mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ni, ilé epo ò sì pọ̀ lọ́nà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gba àyè, ó sì máa ń tètè kún nígbà ọlidé àwọn ọmọ ilé ìwé.