Wáyà Àtijọ́ Nínú Ilé Bàbá Wa

Nínú àwọn ìwé ẹ̀yáwó tí ó dé iwájú wa ní ìpàdé tó kọjá, ti fírísà ló pọ̀ jù. Kò burú. Ẹni tó ń ta ẹja dídì tàbí omi tútù kò lè ṣe kó má ní in. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú yín, pàápàá ẹ̀yin ará Ìsàlẹ̀ Èkó àti Pópó Àgùdà, ìsàlẹ̀ ilé bàbá àgbà yín ni ẹ ti ń tajà. A wá fẹ́ bi yín: wáyà wo ni fírísà náà yóò máa lò?

Ohun tó ṣe ọ̀kan nínú wa ló mú wa béèrè. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, irú èyí tí àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bùràsíìlì dé kọ́. Pákó ni àjà àti ilẹ̀ òkè rẹ̀. Ìyá náà ki fírísà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, kò mọ̀ pé ara wáyà gílóòbù ni wọ́n ti fà á. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń gbóòórùn rọ́bà tó ń jó, ó rò pé àwọn ará òkè ló ń dáná. Lálẹ́ ọjọ́ kan, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí yọ láti inú àjà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ọmọ rẹ̀ kò tíì sùn, ló bá sáré pa iná nídìí mítà. Pákó méjì ló jó. Nígbà tí a yọ wáyà náà wò lọ́jọ́ kejì, èèpo rẹ̀ ń bó lọ́wọ́ wa bí èèpo ẹ̀pà yíyan.

Ọdún 1896 ni iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì kọ́kọ́ dé Èkó. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n fa iná sí kí ó tó di bí ọdún 1960, wáyà tí wọ́n fi rọ́bà bò ni wọ́n lò. Rọ́bà a sì máa darúgbó. Ooru inú àjà àti ooru iná fúnra rẹ̀ a máa gbẹ ẹ́ títí yóò fi le, tí yóò sì máa sán. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án, ó lè máa tan gílóòbù lọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá fà á láti pààrọ̀ súwíìsì ni yóò rún. Wáyà òde òní, ike ni wọ́n fi bò ó, kì í tètè gbẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo ẹrù tí a ń dì lé e. Gílóòbù ni wọ́n rò nígbà náà, bóyá rédíò kan. Gílóòbù 60 wáàtì mẹ́wàá, 600 wáàtì ni gbogbo rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo a máa gba 1,000 wáàtì, kẹ́tùlù a gba 2,000. Ẹ fi fóòtì 230 pín in: kẹ́tùlù nìkan ń fa bí áḿpù 9, fíúsì ọ̀nà gílóòbù kò sì sábà ju áḿpù 5 lọ. Fírísà kì í gba tó bẹ́ẹ̀ bó bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ló ń fa ìlọ́po púpọ̀, tọ̀sán tòru. Fíúsì yóò já, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Kí ni àwa ń ṣe? A ó fi wáyà tó nípọn dí i. (Àwa tí a ń kọ èyí náà ti fi bébà inú páálí sìgá dí i rí, kì í ṣe ohun à ń yangàn.) Fíúsì tí kò lè já mọ́, wáyà inú àjà ni yóò jó dípò rẹ̀.

Ilé àtijọ́ kì í sì sábà ní wáyà ẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyẹn tí iná fi ń gbé ènìyàn lára ilẹ̀kùn fírísà.

Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ má jẹ́ kí oníná máa fi òòlù gbẹ́ ògiri. Ọnà tó wà lára ògiri àti fèrèsé ilé wọ̀nyẹn, ó ṣòro kí a tó rí bíríkìlà tí yóò ṣe irú rẹ̀ padà. Kí ó ṣí pákó ilẹ̀ òkè, kí ó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ibi tí kò bá ti ṣeé ṣe, kí ó fi páìpù ike gba igun ògiri. Kí ó yọ gbogbo wáyà rọ́bà kúrò, kí ó má so tuntun mọ́ ọn. Wáyà 1.5 fún gílóòbù, 2.5 fún sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kí fírísà ní ọ̀nà tirẹ̀ láti ìdí bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú bíréékà tirẹ̀. Kí ó ri ẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ dáadáa. Kó tó tan iná, kí ó fi mégà dán gbogbo rẹ̀ wò lójú yín.

A mọ̀ pé ìjà tó wà níbẹ̀ ju ti wáyà lọ. Ilé ẹbí ni. Ẹ̀gbọ́n ní mítà lókè, àbúrò ní tirẹ̀ nísàlẹ̀, àjà kò wá ní olówó. Ẹ jókòó sọ ọ́ níwájú olórí ẹbí. Lójú tiwa, ẹni tó ń tajà nísàlẹ̀ ni kó kọ́kọ́ náwó, nítorí ẹrù tirẹ̀ ló wúwo jù, àkọ́kọ́ tí yóò sì bá ilé lọ ni ọjà rẹ̀.

Láti oṣù tó ń bọ̀, ẹni tó bá ń yáwó fírísà fún ṣọ́ọ̀bù inú ilé àtijọ́, kí ó mú ìwé oníná pẹ̀lú rẹ̀ wá. A lè pa owó méjèèjì pọ̀ di ẹ̀yáwó kan. Kí oníná kọ gígùn wáyà, ìwọ̀n rẹ̀ àti iye sọ́kẹ́ẹ̀tì síbẹ̀. Ìwé tí wọ́n bá kọ “wáyà àti iṣẹ́” lásán sí, a ó dá a padà.