Kí Ló Wà Nínú Báàgì Ọkùnrin Náà?

Ẹ̀yin òbí wa, bí ọmọ yín bá mú ìwé Invisible Man bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, ẹ má wulẹ̀ bi í pé ṣé ó ti kà á tán. Ẹ bi í pé kí ló wà nínú báàgì ọkùnrin náà.

Ralph Ellison, ọmọ Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, ló kọ ìtàn yìí. Ó jáde ní 1952. Ẹni tó ń sọ ìtàn náà kò dárúkọ ara rẹ̀ fún wa títí ìwé fi parí. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká wo irú ilé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá.

Àwọn gbajúmọ̀ aláwọ̀ funfun ìlú rẹ̀ ló fún un ní báàgì aláwọ náà, sikọ́láṣíìpù sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́kọ́ di ojú rẹ̀ àti ti àwọn ọmọkùnrin dúdú mìíràn, kí wọ́n lè máa lu ara wọn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ fún ìran wíwò. Ẹ̀bùn àti ẹ̀gàn wọ àpò kan náà.

Nílé iṣẹ́ ọ̀dà tó ti ṣiṣẹ́, ẹ̀kán omi dúdú 10 ni wọ́n ń kán sínú garawa kọ̀ọ̀kan kí ọ̀dà funfun náà tó dán. Òye rẹ̀ kò ṣòro: dúdú wà nínú funfun tí Amẹ́ríkà fi ń yangàn, àmọ́ ojú kò rí i.

Ní Harlem, ó bá kóló onírin kan nínú yàrá tó háyà, ère ọkùnrin dúdú tó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀sín. Ó fọ́ ọ, ó fẹ́ jù ú nù. Obìnrin kan ní kò gbọdọ̀ jù ú sínú agolo ìdọ̀tí òun; ọkùnrin kan tún sáré dá a padà fún un. Bí ẹ̀gàn ṣe rí nìyẹn o: ẹlòmíràn ló ṣe é, ìwọ ni wọ́n ní kóo máa gbé e.

Nígbà tó já sínú ihò òkùnkùn, ó sun àwọn ìwé inú báàgì náà kó lè ríran. Ìgbà náà ló rí i pé ọwọ́ tó kọ orúkọ tuntun fún un ló kọ lẹ́tà tó ń halẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn èyí, ó tan gílóòbù 1,369 sínú yàrá abẹ́ ilé tó ń gbé.

Àwọn ọmọ wa náà ń gbé báàgì níhìn-ín. Ẹ jẹ́ ká máa bá wọn tú u wò nílé, ká sì sọ ìtumọ̀ orúkọ wọn fún wọn, kí ẹlòmíràn tó fún wọn ní tirẹ̀.